Igi Ọkọ̀ Kì Í Hù Nínú Òkun

Àkòrí tí wọ́n fún wa ni ipa tí ọkọ̀ ojú omi kó nínú ìtàn àwọn ìlú etíkun àti ti erékùṣù. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú mi kò dùn sí i. Kì í ṣe pé àkòrí náà burú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n ti pín ọkọ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀: wọ́n ti gbé e lé ará etíkun lọ́wọ́, wọ́n ní kí àwa tí a wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ máa wòran. Ìjù-Odò ni mo ti ń kọ èyí, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa. A kì í gbọ́ ariwo òkun níbí. Bí mo bá tẹ̀lé àkòrí yìí bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀, ìtàn ẹlòmíràn ni n ó kọ, n ó sì máa yìn ín bí àlejò ṣe ń yin ọbẹ̀ onílé. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo wá sọ ni pé ọkọ̀ ojú omi jẹ́ ti ará oko gẹ́gẹ́ bó ṣe jẹ́ ti ará etíkun, pé ẹni tó bá ya ìtàn méjèèjì sọ́tọ̀ ti ṣi ìtàn kọ, àti pé àṣìkọ yẹn ń pa wá lára lónìí.

Àwọn kan tí mo sọ èrò yìí fún ní kí n fi orúkọ ìlú wa jẹ́rìí, nítorí pé odò wà nínú rẹ̀. N kò nílò irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé Ìjù-Òkè wà yóò tètè bi mí pé ṣé kì í ṣe ìsàlẹ̀ ni odò yẹn túmọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí a lo ẹ̀rí tó lágbára.

Ní kíláàsì, báyìí ni a kọ ọ́ sínú ìwé: Ìkálẹ̀ ń ṣe àgbẹ̀, Ìlàjẹ ń pẹja. Ó rọrùn láti há sórí, ó sì ń mú máàkì wá. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti fi bú ènìyàn pẹ̀lú. Ọmọkùnrin kan wà lára wa tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti etíkun. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n ti sọ ọ́ ní "ará omi". Wọ́n bi í bóyá inú ọkọ̀ ni wọ́n bí i sí, bóyá ó mọ ilẹ̀ rìn. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, bí ẹni tuntun ṣe máa ń ṣe. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó bi ara rẹ̀ pé igi tí wọ́n fi gbẹ́ ọkọ̀ yẹn, ilẹ̀ ta ni ó ti hù.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a béèrè ìbéèrè yẹn dáadáa. Ọkọ̀ tí àwọn baba ńlá wa ń lò lórí ọ̀sà, láti ìhà Kútọnú títí dé ìhà Bíní àti kọjá bẹ́ẹ̀, odidi igi kan ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Wọn a wá igi tó tọ́, tó ga, tí kò ní ihò nínú. Wọn a fi àáké gé e lulẹ̀. Wọn a gbẹ́ inú rẹ̀ dànù títí yóò fi dà bí ọpọ́n gígùn. Lẹ́yìn náà wọn a dáná sí i lára kí igi lè rọ̀, wọn a sì fi igi ìdábùú ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì síta kí inú rẹ̀ lè fẹ̀. Iná yẹn ni iṣẹ́ gan-an: bó bá kéré, igi kò ní ṣí, bó bá pọ̀ jù, igi yóò là, iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn yóò di igi ìdáná. Níbo ni irú igi bẹ́ẹ̀ wà? Ẹ lọ wo etí òkun. Iyanrìn ló wà níbẹ̀, àti ẹrẹ̀, àti ẹ̀gbà tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró lórí omi bí ẹsẹ̀ akàn. Ẹ̀gbà dára fún ìdáná, ó dára fún yíyan ẹja, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbẹ́ ọkọ̀ tó lè gba ogún ènìyàn lára rẹ̀. Inú igbó ni ìrókò wà. Inú igbó ni ọ̀gànwó wà, àti arère, àti ọ̀pẹ̀pẹ̀. Igbó yẹn ni ilẹ̀ tiwa, èyí tó lọ títí dé ìhà Orè àti Oǹdó, tí ìjọba fi apá kan rẹ̀ ṣe igbó ọba tó ń jẹ́ orúkọ odò Olúwa. Àwọn àgbà ní igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ènìyàn rere tó kú ní kékeré ni òwe náà ń sọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, agbẹ́kọ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, igi gidi ló sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Àwọn apẹja Fante ní etíkun Gáná, inú igbó lọ́hùn-ún ni igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ọkọ̀ ńlá wọn ti ń wá. Wawa ni wọ́n ń pe igi náà. Arère tiwa ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi ọ̀kan kún un. Ọkọ̀ tó dàgbà jù lọ tí a tíì rí nílẹ̀ Áfíríkà, a kò rí i létí òkun. Ní ọdún 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní ìpínlẹ̀ Yobe, ó sì kan igi líle kan nínú ilẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ hú u jáde ní 1994, ọkọ̀ ni wọ́n bá, ó gùn ju mítà 8 lọ, ó sì ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Yobe! Ẹ wá a lórí máàpù. Láti Yobe, aginjù súnmọ́ ju òkun lọ. Bó bá jẹ́ pé àwọn ìlú etíkun nìkan ló ni ìtàn ọkọ̀, kí ni ọkọ̀ yẹn ń wá lọ́hùn-ún?

Bí àwọn Pọtogí ṣe dé etíkun wa, àwọn náà rí ohun tí mo ń sọ. Duarte Pacheco Pereira, ọ̀gákọ̀ wọn kan, kọ ìwé nípa etíkun Áfíríkà láàárín 1505 sí 1508. Ó dárúkọ ìlú ńlá Ìjẹ̀bú lẹ́yìn ọ̀sà. Nígbà tó dé ìhà Bonny, ó rí ọkọ̀ igi kan ṣoṣo tó lè kó ọgọ́rin ènìyàn. Ó kọ ọ́ pé láti òkè odò, láti ọ̀nà jíjìn réré, ni wọ́n ti ń wá, tí wọ́n ń kó iṣu, màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn, àti ẹrú. Ẹ wo ẹrù yẹn dáadáa. Iṣu kì í hù nínú ẹrẹ̀ iyọ̀. Màlúù kì í jẹ ẹ̀gbà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa ọkọ̀ wa sínú ìwé ni oúnjẹ ará oko ti kún inú rẹ̀.

Ẹnìkan yóò dá mi lóhùn pé ẹni tó ń ta igi kì í ṣe atukọ̀, bí ẹni tó ń ta òwú kì í ṣe ahunṣọ. Òtítọ́ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wo inú ìkòkò. Oúnjẹ wa tí gbogbo ayé mọ̀ wá mọ́ ni púpurú. A ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀, a ń fún omi ara rẹ̀ dànù, a ń mọ ọ́n roboto, lẹ́yìn náà a ń gbé e sórí iná kí èéfín lè gbẹ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ yóò ha èèpo dúdú ara rẹ̀ kúrò, yóò gún un, yóò sẹ́ ẹ, yóò rò ó lórí iná. Kí ló dé tí a fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí nígbà tí a lè yan gààrí? Nítorí pé púpurú tó ti gbẹ lórí èéfín lè pẹ́ nílẹ̀. Ó lè wọ inú ọkọ̀, ó lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ púpọ̀, kí ó dé abúlé tí kò sí ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ lè hù. Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ni wọ́n jọ ń jẹ ẹ́. Ìyá bàbá mi tà á fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọjà Igbókọ̀dá, níbi tí àwọn ọkọ̀ láti inú odò ń gúnlẹ̀ sí. Ìyá yìí kò lúwẹ̀ẹ́ rí láyé rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò mọ ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà, nítorí pé omi ló ń sọ bóyá oníbàárà rẹ̀ yóò dé tàbí kò ní dé. Ẹja yíyan àti edé ló máa ń rù bọ̀. Bí ẹ bá ní obìnrin yẹn kò sí nínú ìtàn ọkọ̀, ẹ sọ fún mi ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀rí kan tún wà lẹ́nu gbogbo wa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará Ẹdẹ tàbí ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò fojú kan ọ̀sà rí pé báwo ló ṣe dé ibi iṣẹ́. Yóò ní, "Mo wọ ọkọ̀." Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wà, ohun tó ń rìn lórí omi ló sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èyí tó ń rìn lórí ilẹ̀ dé, orúkọ ti orí omi ni a yá a. Rélùwéè dé, ọkọ̀ ojú irin. Bàálù dé, ọkọ̀ òfurufú. Ẹni tó jókòó sídìí mọ́tò, awakọ̀ ni à ń pè é, bí ẹni tó mú àjẹ̀ lọ́wọ́. Ibi tí mọ́tò ń pọ̀ sí, ìdíkọ̀ ni. Ẹni tó ń ṣe ìjọba, a ní ó ń tukọ̀ ìlú. Kódà àwọn olùkọ́ tó ní ọkọ̀ kì í ṣe tiwa, ìgúnlẹ̀ ni wọ́n ní kí a fi parí àròkọ, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gúnlẹ̀. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́, wọn kò kàn rántí bó ṣe dé ẹnu wọn ni.

Nísinsìnyí mo fẹ́ dé ibi tó dùn mí jù, nítorí pé ó jẹ́ ìtàn ńlá tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà wa, tí a kò sì kọ́ wa. Ní bíi 150 ọdún sẹ́yìn, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló ni ọ̀nà tó ti Èkó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Bí wọ́n bá ti ti ọ̀nà pa, òwò Èkó a dákẹ́. John Hawley Glover tó ń ṣàkóso Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì wá wo ìhà ìlà oòrùn. Ní nǹkan bí 1872, ó ti ṣí ọ̀nà mìíràn: kí ọkọ̀ gba orí ọ̀sà láti Èkó wá sí ìhà tiwa níbí, kí ẹrù sọ̀kalẹ̀, kí alárùú sì gba inú igbó lọ sí Oǹdó, láti ibẹ̀ sí Iléṣà àti Èkìtì. Ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n ń pè é. Ní 1877 ni òjíṣẹ́ Ọlọ́run Charles Phillips lọ jókòó sí Oǹdó láti wàásù. Ní nǹkan bí ìgbà yẹn ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, kò sì parí títí di 1893.

Ẹ tẹ́tí sí mi níbí. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ Ògèdèǹgbé. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìró ìbọn ńlá ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Ṣùgbọ́n ta ló ti bi yín rí nínú ìdánwò pé báwo ni ìbọn ìgbàlódé ṣe dé orí òkè Èkìtì? Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó ni wọ́n rà á. Èkó kò lè fi í ránṣẹ́ gba ti Ìbàdàn tí wọ́n ń bá jà. Inú ọkọ̀ ni ìbọn náà wọ̀, ó gba orí ọ̀sà, ó gúnlẹ̀ sí ìhà tiwa, ó sì gba ọ̀nà Oǹdó gòkè. Ogun tó gùn jù nínú ìtàn Yorùbá, láàárín àwọn ìlú tí kò ní etíkun kankan, orí ọkọ̀ ni apá kan rẹ̀ dúró lé. Ẹni tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lóru nínú ọ̀sà ni kò jẹ́ kí Ìbàdàn borí. A kò mọ orúkọ rẹ̀. Orúkọ àwọn balógun ni a mọ̀.

Àwọn òyìnbó gan-an mọ iye tí ẹnu ọ̀nà yìí tó. Ní 1885, ilé iṣẹ́ G. L. Gaiser ti Jámánì lọ bá Amàpẹ̀tù ti Máhìn ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etíkun rẹ̀. Kí ni wọ́n ń wá? Ẹni tó bá lè já ẹrù sí Máhìn, tó sì gbé e wọ ọ̀sà, kò ní san owó orí ẹrù ní Èkó. Kò pẹ́ tí Jámánì fi gbé ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe rélùwéè, ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní nǹkan bí 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì kọrí sí Àríwá. Kò yà sọ́dọ̀ wa. Títí di òní, kò sí ojú irin kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nítorí náà, ní gbogbo àkókò tí ìwé ìtàn fi ń sọ pé rélùwéè ló tú ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀ fún òwò, odò àti ọ̀sà ṣì ni ọ̀nà tó já ìhà tiwa pọ̀ mọ́ Èkó.

N kò ní purọ́ pé ire nìkan ni ọkọ̀ gbé wá. Ọkọ̀ tó gbé iṣu ló gbé ẹrú. Orí ọ̀sà kan náà ni wọ́n ti ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí etí òkun. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fọ́ Èkó, Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1892, omi ni àwọn ọmọ ogun gbà dé Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó lọ ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n omi kan náà ni àwọn ará Ganvié, lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, sá sí nígbà tí àwọn akónilẹ́rú ń lé wọn. Wọ́n kọ́ ilé sórí òpó, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ lọ sọ́jà di òní. Ọkọ̀ kò ní ìwà. Ẹni tó mú àjẹ̀ ló ní.

Lẹ́yìn náà ni títì dé. Nígbà tí wọ́n la títì ńlá láti Ṣàgámù gba Orè lọ sí Bíní ní àwọn ọdún 1970, ẹrù wa kọ ẹ̀yìn sí odò. N kò bá títì jà o, mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹni tó ń ṣàìsàn kò lè dúró de ọkọ̀ alájẹ̀. Ohun tí mo bá jà ni ìtìjú tó tẹ̀lé e. A bẹ̀rẹ̀ sí í wo odò bí ibi tí àwọn tí kò rí ọ̀nà ń gbé. Ní 1984, ewéko omi kan tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò gba ìhà Àgbádárìgì wọ inú ọ̀sà wa, ó tàn kálẹ̀ títí dé omi ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó dí ojú omi tí ọkọ̀ kò fi rí ibi kọjá. Bó bá jẹ́ títì ni nǹkan dí báyẹn, ìlú ì bá ti pariwo títí ìjọba yóò fi gbọ́. Nítorí pé odò ni, ariwo àwọn tó ń gbé lórí rẹ̀ nìkan ni a gbọ́, àwa lókè sì dákẹ́. Ìwé ìtàn ti kọ́ wa pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwa.

Ìtàn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní sáà ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni ìjọba àpapọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ tó dá dúró fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti kíláàsì kékeré nílé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n ti kéde pé àwọn dá a padà. Ó dára. Kí a má tún dá a padà pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, Ìkálẹ̀ ń ṣe àgbẹ̀, Ìlàjẹ ń pẹja.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí yóò sọ, nítorí pé mo ti gbọ́ ọ nílé: "A rán ọ nílé ìwé kí o lè di dókítà, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí oṣù Kẹfà ọdún 2023. Àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó ń padà bọ̀ lórí odò Ọya sí ìhà Pátégí ní ìpínlẹ̀ Kwara, ọkọ̀ wọn dànù, ènìyàn tó lé ní 100 kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kwara ni o, kì í ṣe etíkun. Àwọn dókítà wà ní Kwara. Ohun tí kò sí ni ẹ̀wù amúniléfòó lára èrò, àti ẹni tí yóò ní kí wọ́n má kún inú ọkọ̀ jù. Ẹni tó bá ka ọkọ̀ sí ohun ìgbà àtijọ́ kò ní bìkítà nípa òfin tó yẹ kó dè é. A ń kọ́ wa ní bí a ṣe ń sọdá títì láti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Ta ló kọ́ wa ní bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́? Ìpínlẹ̀ wa ní òkun, ó ní ọ̀sà, ó ní odò Olúwa, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà yóò rì sínú omi tó dé ọrùn.

Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Òkìtìpupa ń jẹ́ orúkọ Olúṣẹ́gun Agagu, ọmọ Ìjù-Odò, tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 2003 sí 2009. Ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan. Bí ẹni tó lè fi iná ṣí igi láìjẹ́ kó là bá kù sílẹ̀ ní Arógbò tàbí ní Àpọ́ì, kí wọ́n pè é wá, kí ó dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀ kí ó tó kú. Ọkọ̀ aláwo àti ọkọ̀ onípákó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo mọ̀, igi ńlá pàápàá ti ń tán. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a sùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ayé àti ikú ni Ayétòrò. Ní 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ ìlú náà dó sí etí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Wọ́n pa owó wọn pọ̀ sójú kan, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun. Wọ́n kan ọkọ̀ fúnra wọn, wọ́n ní iná mọ̀nàmọ́ná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan fìtílà, àwọn èèyàn sì ń wá láti òkèèrè láti wò wọ́n. Lónìí òkun ń jẹ ìlú yẹn lọ́dọọdún. Ó ti gba ilé, ó ti gba ilé ẹ̀kọ́, ibi tí òpópónà wà tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí ìgbì ń fọ́ sí. Wọ́n ti ké sí ìjọba títí. Ẹni tí òkun bá lé, òkè ni yóò gbà, ọ̀dọ̀ wa ni òkè yẹn.

Nígbà tí wọ́n bá dé, kí ni a ó pè wọ́n? Bó bá jẹ́ ìtàn inú ìwé wa ni a fẹ́ tẹ̀ lé, àjèjì ni wọ́n, ará omi, ẹni tí kò mọ ilẹ̀ rìn. Onílẹ̀ yóò ta ilẹ̀ fún wọn ní ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn ọmọ wọn yóò jókòó sẹ́yìn kíláàsì, wọn yóò sì máa bá wa rẹ́rìn-ín ara wọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìtàn tòótọ́ ni, ìtàn igi àti púpurú àti ìbọn Kírìjì, nígbà náà òwò kan náà ni àwọn baba wọn àti àwọn baba wa jọ ṣe láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún, a kàn dúró sí ìpẹ̀kun ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá ẹ jókòó nínú ọkọ̀ kan náà, o kì í gba owó àlejò lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ yọ gbólóhùn yẹn kúrò lójú pátákó. Mo fẹ́ kí a máa kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́ ní Òkìtìpupa, ní Irèlè àti ní Ìlàjẹ, kí a sì jọ kọ́ ọ pọ̀. Àwọn òbí tó ní ilẹ̀ ni mo sì fẹ́ bá sọ èyí tó kù: bí ìdílé kan láti Ayétòrò bá wá béèrè ilẹ̀ ní Ìjù-Odò lọ́dún yìí, iye tí ẹ ó gbà lọ́wọ́ ọmọ ìlú ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn.